Ọkọ̀ Tó Gba Ìyá Mi

Bí mo bá wọ ọkọ̀ tuntun, tí mo gbọ́ òórùn awọ ìjókòó rẹ̀, àyà mi á kọ́kọ́ já. Ọ̀sán ọjọ́ tí bàbá mi ta ọkọ̀ ìjàpá wa, tó gbé ọkọ̀ gbọọrọ kan láti èbúté wá sí ẹnu ọ̀nà agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ni mo máa ń rántí.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ta tiwa?"

"Ó ti kéré jù fún wa."

Bẹ́ẹ̀, àwa mẹ́ta náà la ṣì wà. Mo wo ojú rẹ̀, kò wo tèmi. Ó yíjú sí ìyá mi, tó ti ń rù láti ìgbà ààwẹ̀. "Ìyá Sàídá, wá dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ká wò ó."

Ìyá mi rọra wọlé, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì tán.

"Ó gbà mí," ló sọ.

Ẹ̀rù bà mí. Mo yára lọ sùn tì í kí wọ́n má baà fi mí sílẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìrìn-àjò ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn ni wọ́n ń wọn ààyè yẹn fún.

Ní ọjọ́ kejì, ó dùbúlẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, iwájú ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi.