Ológbò Tí N Kò So

Èmi náà ti so ológbò rí. Kí ẹnikẹ́ni tó rò pé mo fẹ́ fi ara mi ṣe ẹni rere, kó ti ẹnu mi gbọ́ ọ. Ẹ̀wà ni mo ń tà ní ọjà Ore, èkúté sì ni ọ̀tá ẹni tó ń ta ẹ̀wà. Kì í ṣe pé wọ́n á jẹ, wọ́n á yó, wọ́n á sì máa lọ. Wọ́n á lu àpò, wọ́n á tọ̀ sí i, wọ́n á tún bímọ sínú rẹ̀. Gbogbo wa ní ìlà ẹlẹ́wà la mọ ohun tí à ń ṣe sí i. A ó wá ológbò kan, a ó fi okùn sí i lọ́rùn, a ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì láàárín àwọn àpò. Ibẹ̀ ni yóò ti jẹ, ibẹ̀ ni yóò sùn, ibẹ̀ náà ni yóò ṣu sí. Bó bá kú, a ó wá òmíràn. Kò sẹ́ni tó ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kankan nípa rẹ̀, èmi náà kò sì bi ara mi.

Tèmi kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan. Oníbàárà mi kan tó ní búkà létí títì márosẹ̀ wá sọ fún mi pé obìnrin kan wà lọ́nà Odigbo tó ń fún èèyàn ní ológbò lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ̀! Mo gun ọ̀kadà lọ́jọ́ kejì. Ibi ìlagi kan tó ti dákẹ́ ni mo bá. Wọ́n ti kó àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ lọ, òrùlé páànù ló kù, àti òkìtì ìyẹ̀fun igi tí ayùn ti dà sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Obìnrin tó ni ibẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé, arúgbó tó tín-ín-rín tí ojú rẹ̀ kì í ṣẹ́. Màmá ni gbogbo èèyàn ń pè é, èmi náà pè é bẹ́ẹ̀.

Ológbò tó wà nínú ọgbà náà pọ̀ ju ohun tí mo lè kà lọ. Àwọn kan, wọ́n jù wọ́n sẹ́yìn ògiri ibẹ̀ ni. Àwọn mìíràn, ọkọ̀ ló gbé wọn wá. Kò kúkú sí ọkọ̀ tó ń lọ sí Benin tàbí tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ tí kì í dúró jẹun ní Ore. Ológbò tó bá sùn sáàárín àpò àlùbọ́sà láti òkè Ọya, Ore ni yóò jí sí. Yóò bọ́ sílẹ̀ kó wá nǹkan fi sẹ́nu, ọkọ̀ á sì lọ. Màmá ló ń gbà wọ́n sílé, òun pẹ̀lú àwọn èèyàn mẹ́ta mẹ́rin tó ń yọ̀ǹda ara wọn.

Ó fún mi ní abo kan, aláwọ̀ eérú, tí etí rẹ̀ kan ti ya.

"Wo éè gbọdọ̀ so ó o," ó wí fún mi ní Ìkálẹ̀. N kò gbọdọ̀ so ó.

Mo ní, "Ẹ̀yin Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. N kò ní so ó."

Irọ́ ni mo pa. Ọ̀kadà kò tíì gbé mi dé Ore tí mo ti ń ronú ibi tí mo fi okùn sí.

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí Màmá fi yọ sí ìlà wa. Ó ní òun wá ra ẹ̀wà, ó sì rà á lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì mi, ó tú okùn, ó gbé ológbò náà lé orí ẹ̀wà tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì kọrí sí ọ̀nà. Mo sáré tẹ̀ lé e. Mo pariwo lé àgbàlagbà lórí lójú ọjà, ojú sì ń tì mí dòní. Mo ní ṣé òun ni yóò máa bá mi lé èkúté ni?

Ó dúró. Ó ní, "Bí o bá fẹ́ ẹ padà, wá bá mi ṣiṣẹ́ fún oṣù kan, lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Lẹ́yìn ìyẹn, bí o bá ṣì fẹ́ so ó, èmi fúnra mi ni n ó bá ọ wá okùn."

Ìbínú ló gbé mi lọ. Mo fẹ́ ṣe oṣù náà pé, kí n sì gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n gbá ilẹ̀, kí n kó ìyẹ̀fun igi tí wọ́n ti ṣu sí dànù, kí n da tuntun síbẹ̀, kí n sì lọ gba orí ẹja àti egungun lọ́wọ́ àwọn olónjẹ létí títì. Àwọn awakọ̀ tó ń jẹun níbẹ̀ sọ mí ní Màdáámù Ológbò. Mo ń fún wọn lésì. Ọ̀kan ní òun á fẹ́ mi bí mo bá lè fi ológbò sílẹ̀, mo ní ológbò mọ́ ju òun lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àgbẹ̀ kan wá láti ìhà Ajue, àjèjì tó ń dá oko kòkó fún onílẹ̀. Ó fi ẹ̀wù rẹ̀ wé ológbò kan mọ́ àyà. Ó ní nínú ilé ìkẹ́rùsí kan tí ẹni tó ni ín ti ṣí lọ ni òun ti rí i, níbi tí wọ́n so ó sí. Màmá tú ẹ̀wù náà, ó sì ní kí n di ẹran náà mú. N kò rí okùn kankan, àfi ìgbà tó fi ìka ya irun ọrùn rẹ̀. Okùn náà ti wọnú ara. Láti kékeré ni wọ́n ti so ó, ó ń dàgbà, okùn kò dàgbà. Okùn ọ̀rá aláwọ̀ búlúù ni, irú èyí tí èmi fi ń di ẹnu àpò ẹ̀wà. Màmá fi abẹ́ yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, òórùn egbò náà ń gbà mí nímú, ológbò náà kò sì bù mí jẹ. Ó kàn ń wò mí ni.

Ọgbẹ́ yẹn jinná. Ohun tí n kò lè gbàgbé ni pé nígbà tó lè rìn, tí gbogbo ọgbà ṣí sílẹ̀ fún un, ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ń rìn. Yóò rìn ín, yóò yí padà, yóò tún rìn ín padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí okùn níbẹ̀ mọ́ o. Mo fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo jókòó sórí pákó, mo sunkún. Mo ronú kan gbogbo èyí tí mo ti so láti ìgbà tí mo ti wà lọ́jà, n kò sì lè rántí iye wọn.

Nígbà tí oṣù pé, Màmá gbé abo aláwọ̀ eérú náà fún mi, kò sì bi mí ní nǹkan kan. Mo tú u sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rò pé yóò sá. Kò sá. Ó ń jẹ lọ́dọ̀ mi láàárọ̀, ó ń rìn yí ìlà wa ká, yóò sì padà wá sùn sórí àpò mi. Èkúté ṣọ́ọ̀bù mi ń tán lọ, ti ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà tó yí mi ká náà ń tán lọ.

Ẹ óò rò pé wọ́n á dúpẹ́. Lóòótọ́, ó máa ń jí ẹja, ó sì fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tẹ orí ẹ̀wà tí ìyá ẹgbẹ́ wa pàtẹ. Ìyá ẹgbẹ́ ni olórí àwa ẹlẹ́wà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi.

Ó ní, "So ẹran rẹ mọ́lẹ̀. Ta ló rí ológbò tó ń rìn gbéregbère lọ́jà rí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin Ìyá, ẹ̀yin náà ti rí i báyìí."

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àjẹ́ ni mí. Mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n yáa máa kí mi dáadáa.

Ìgbà tí ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé ni wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní kí a fi oògùn èkúté sí gbogbo ṣọ́ọ̀bù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹni tó bá ní ológbò so ó mọ́lẹ̀. Ojú mi ni gbogbo wọn ń wò. Mo dìde. Mo ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá, oúnjẹ la sì ń tà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní n kò ní so ó. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Wọ́n po oògùn mọ́ ẹja ṣáwá, wọ́n sì tì í sábẹ́ àwọn àpò ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, àfi tèmi. Mo ti ológbò mi mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ méjì. Ó ń ha ilẹ̀kùn, ó ń ké. Lọ́jọ́ kẹta mo ṣílẹ̀kùn fún un. Ọwọ́ mi ni mo fi ṣí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà mo bá a lẹ́yìn dúróòmù omi, èkúté tó kú ni ó jẹ, ìdajì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyá ẹgbẹ́ kọjá wá sí ọ̀dọ̀ mi. Kò yọ̀ mí o, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́: "Bó o bá ti so ó ni, ì bá wà láàyè."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́.

Mo gbé òkú rẹ̀ lọ sí ọgbà. Màmá gbẹ́ ilẹ̀, a sin ín. Nígbà tó nu ọwọ́ rẹ̀ tán, ó ní bí òun bá tún fún mi ní ọ̀kan, òun kò ní bínú bí mo bá so ó títí oògùn á fi kúrò nílẹ̀. Òun! Màmá tó wá tú okùn lábẹ́ tábìlì mi! Mo wò ó, mo rí i pé àánú mi ló ń ṣe é.

Mo ní, "Rárá, Màmá. Oògùn ni yóò kúrò nílẹ̀."

Lọ́jọ́ ọjà, nígbà tí èrò kún, mo gun orí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Mo pariwo pé oògùn èkúté wà lábẹ́ gbogbo àpò ẹ̀wà ní ìlà yìí, tèmi nìkan ni kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èkúté kì í mọ ààlà, nítorí náà kí ẹni tó bá fẹ́ rà bèèrè kó tó rà. Mo ní ológbò mi jẹ èkúté kan ṣoṣo, ó kú. Awakọ̀ tírélà kan, Mùsùlùmí tó máa ń ra ẹ̀wà lọ sílé, gbé kóńgò tó ti kún kalẹ̀.

Ó bi ìyá ẹgbẹ́ pé, "Mama, na true?"

Ìyá ẹgbẹ́ kọ ẹ̀yìn sí i. Èmi ló kọjú sí: "O ti ba ọjà gbogbo wa jẹ́!"

Mo ní, "Tèmi náà ti bà jẹ́, Ìyá. Ẹ wò ó, ẹnikẹ́ni kò dúró lọ́dọ̀ mi."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀wà kóńgò kan kò kúrò lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó kan àtàrí, ìgbálẹ̀ ti ń dún ní gbogbo ìlà. Wọ́n ń gbé àpò, wọ́n ń kó ẹja ṣáwá jáde, wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá lẹ́yìn ọjà, wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀ lójú àwọn oníbàárà. Mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi bò ó. Àwọn awakọ̀ ní ó le kú, ìjà Ore.

Ẹgbẹ́ yọ mí. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kí mi, kí wọ́n má yá mi ní kóńgò. Ó dùn mí, àwọn tí a ti jọ ń jẹun pọ̀ láti ọjọ́ yìí wá! Ṣùgbọ́n bó bá tún di ọ̀la, n ó tún gun àpótí náà.

Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, mo lọ sí ọgbà. Màmá ní kí n yan èyí tó wù mí. Aláwọ̀ dúdú kirikiri ni mo mú, mo mọ̀ọ́mọ̀ mú un ni. "Éè burú," Màmá wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo gbé e wọ ìlà wa lọ́sàn-án gangan, mo sì gbé e kalẹ̀ sí àárín ọ̀nà. Ìyá ẹgbẹ́ na ọrùn, ó ń wo ọrùn ológbò náà.

Ó ní, "Kò sí okùn níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti ọjọ́ ìjà nìyẹn.

Mo ní, "Kò sí, Ìyá."

Ológbò náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé ìrù sókè, ó sì wọ inú ṣọ́ọ̀bù ìyá ẹgbẹ́ lọ. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo fa àpótí mi, mo jókòó, n kò sì pè é padà.