Bàbá Iná àti Òpó Ọjọ́ Orí

Ọjọ́ tí Bàbá Iná, àgbà tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, já kíbọ́ọ̀dù gbà lọ́wọ́ ọ̀gá ni gbogbo ọ́fíìsì mọ̀ pé ọkùnrin náà kì í ṣeré. Ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀gá ní kí wọ́n fi òpó kan, ìyẹn àyè kan tó dúró lóòró, kún àkójọ àwọn aláìsàn, kí àwọn nọ́ọ̀sì máa tẹ ọjọ́ orí síbẹ̀.

"Kí wọ́n máa tẹ kí ni?" Bàbá Iná gbaná jẹ. "Ọmọ tí wọ́n bá tẹ ọdún mẹ́ta fún lónìí, ṣé kò ní dàgbà mọ́ ni? Oògùn ọmọ ọdún mẹ́ta ni wọ́n á máa fún un títí yóò fi hu irùngbọ̀n!"

"Bàbá, òpó kan péré ni," ni ọ̀gá wí.

"Òpó kan tó jẹrà ló ń wó odindi ilé!"

Inú bí Aláwòrán pẹ̀lú, obìnrin tó ń ya ojú ètò tí èèyàn ń rí lórí kọ̀ǹpútà, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí ti bàbá. Gbogbo ojú tó ti ṣe ni bàbá dà rú. Bàbá ní ọjọ́ ìbí nìkan ni kí aláìsàn kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àkọsílẹ̀ rẹ̀, máa gbé kiri nínú ètò. Bí àkójọ bá béèrè ọjọ́ orí, kí aláìsàn ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ta ló mọ ọjọ́ orí èèyàn ju ẹni tó ni ín lọ?"

Nígbà tí dókítà kan láti ilé ìwòsàn wá wo ètò náà, bàbá fi ìgbéraga tún ọjọ́ ìbí ọmọ kan ṣe. Ọjọ́ orí kò mira. Bàbá gbá tábìlì.

"Àkójọ burúkú! Ṣé o fọ́jú ni?"

"Kò fọ́jú, bàbá," ni Aláwòrán wí. "Ẹ kò sọ fún un ni. Bí ọjọ́ ìbí bá ti yí, kí aláìsàn náà ké sí àkójọ pé ọjọ́ orí òun náà ti yí."

Bàbá wò ó bí ẹni fẹ́ gbé e mì. Ó tẹ ìlà kan. Ọjọ́ orí fò láti mẹ́ta sí mẹ́rin.

"Kí ló dé tó o fi pẹ́ kó o tó sọ̀rọ̀?" ló jágbe mọ́ ọn.

Kò pẹ́ sí i, àìsàn ráńpẹ́ ló mú bàbá lọ. Erùpẹ̀ ibojì rẹ̀ kò tíì gbẹ tí ọ̀gá fi ní àkójọ ń falẹ̀ torí ó ń béèrè ọjọ́ orí gbogbo aláìsàn lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n kúkú padà sí títẹ ọjọ́ orí.

Aláwòrán fò dìde. "Ta ni yóò kojú ìyá ọmọ tí wọ́n bá fún ní oògùn òdì? Ẹ̀yin àbí èmi? Kò sẹ́ni tí yóò tẹ nǹkan kan!"

Ó jókòó tìbínú-tìbínú. Ó tún ètò náà kọ kí àkójọ máa béèrè ọjọ́ orí àwọn aláìsàn tó bá hàn lójú kọ̀ǹpútà nìkan. Kíá, àkójọ yá bí àṣá.

Ó gbójú sókè láti fi yangàn fún bàbá. Àga tó kọjú sí i ṣófo. Inú bí i sí bàbá gidigidi, pé ó lè lọ bẹ́ẹ̀, láìbá òun jà tẹ́rùn. Ẹ̀rín gbọ̀n ọ́n, omi sì lé ròrò lójú rẹ̀.

"Ẹ sùn un re, bàbá oníjà mi," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.