Ohun Ọ̀gbìn Tí Àbdùlbáàkí Kò Lè Dárúkọ

Kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó dá Àbdùlbáàkí dùbúlẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù ni láàárín Minna àti Sókótó. Láti ìrìn-àjò kan ló ti mú ohun ọ̀gbìn kékeré kan bọ̀ wá sílé wọn ní àdúgbò Sauka Kahuta, ní Minna. Kò ju àtàǹpàkò lọ. Ewé rẹ̀ ki, omi kún inú rẹ̀, kì í sì í tètè dàgbà. Ọdún a yí po kí ewé kan ṣoṣo tó kún un. Inú agolo mílíìkì ló gbìn ín sí, lójú fèrèsé, òun nìkan ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó mọ orúkọ rẹ̀. Nàímátù ìyàwó rẹ̀ kò bèèrè rí.

Àìsàn náà gba apá ọ̀tún àti ohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Nàímátù ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ, ó sì fi ohun ọ̀gbìn náà kún iṣẹ́ rẹ̀. Láràárọ̀, bó bá ti bu omi sí i, Àbdùlbáàkí á tẹjú mọ́ agolo náà, á máa fi ọwọ́ òsì lu bẹ́ẹ̀dì.

"Kò tíì tó ni? Toh, mo gbọ́, Bàbá Sabirah." Nàímátù ló máa ń fi orúkọ ọmọ wọn pè é bẹ́ẹ̀, á sì tún bu omi sí i.

Nígbà tó yá, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó ń pọ́n bí ìbẹ́pẹ tó ti kẹ̀. Nàímátù gbé e lọ bá Tiwalọlá, agùnbánirọ̀ tó ń gbé yàrá ìta, tó kọ́ nípa ewéko ní yunifásítì. Ọmọbìnrin náà fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ kí ó lè wá orúkọ rẹ̀. Orúkọ mẹ́ta ni fóònù gbé jáde, ọ̀kan kò jọ ọ̀kan.

"Màmá, irú wọn pọ̀, wọ́n sì jọra. Ìgbà tó bá yọ òdòdó la tó lè mọ̀ ọ́n dájú. Ṣùgbọ́n omi ló ń pa á. Kì í fẹ́ omi rárá."

Nàímátù gbé agolo náà. Ó wọlé, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀.

"Ṣé kí n dáwọ́ omi dúró lẹ ń wí láti ọjọ́ yìí?"

Àbdùlbáàkí rọra mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ foríjì mí. Kí lorúkọ rẹ̀?"

Ó la ẹnu, ó tiraka. "Gá… gá…" Ohùn náà há sọ́fun. Ó yíjú sí ògiri.

Tiwalọlá bá wọn já ewé kan tí kò tíì jẹrà, ó tẹ́ ẹ lé iyanrìn gbígbẹ kí ó lè ta gbòǹgbò tuntun. Lẹ́yìn náà ó parí ìsìnlú rẹ̀, ó padà sílé. Gbòǹgbò kò tíì yọ lára ewé náà, kò sì tíì kú. Nàímátù a máa dúró tì í, a máa wò ó, láìmọ ohun tí yóò ṣe sí i.