Ojú Ewé Tí N Kò Ṣí

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, aago mẹ́wàá àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nígbà tí mọ́tò àwọn aṣòfin wọ ọgbà ilé-iṣẹ́ wa. Àkókò náà dá mi lójú nítorí pé èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé ẹnu géètì. Òórùn ọ̀dà tútù ló gba gbogbo ibẹ̀, torí pé a kun ògiri iwájú ní ọjọ́ tó ṣáájú. Òórùn irin jíjó tó sábà máa ń pàdé èèyàn láti ojú títì kò sí rárá. Ìwọ náà mọ ọ̀nà yẹn. Tí o bá kúrò ní Inísà tí o kọrí sí Òkukù, apá ọ̀tún ni ilé-iṣẹ́ náà wà, òrùlé páànù gígùn kan láàárín oko ẹ̀gẹ́. Bọ́ọ̀sì akérò là ń ṣe níbẹ̀. Ẹnjìnnì àti táyà ń ti ìta wá, ṣùgbọ́n ara bọ́ọ̀sì, láti egungun irin títí dé ìjókòó, ọwọ́ wa ló ti ń jáde.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ nígbà náà, wọ́n sì gbà mí láti máa kọ ohun gbogbo tó bá wọlé àti ohun gbogbo tó bá jáde. Iṣẹ́ tó bá ìwà mi mu ni. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, n kì í sì í tètè gba ọ̀rọ̀ gbọ́ tí n kò bá tíì rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀gá àwọn wẹ́dà ló sọ mí ní Akọ̀wé. Bàbá là ń pè wọ́n. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ọmọ Ìkìrun ni wọ́n, Aládùúrà tí kì í fọwọ́ kan irin láàárọ̀ láìkọ́kọ́ gbàdúrà. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn tẹ́lẹ̀ lọ́nà Ìbà, ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ dé, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, wọ́n sì kó gbogbo àwọn tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ wá. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá kó lọ síbòmíràn, àwọn ọ̀dọ́ lè tẹ̀ lé e. Bàbá kò lè tẹ̀ lé e. Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀kan, "Akọ̀wé, ta ló máa gba arúgbó síṣẹ́ níbi tí wọn ò ti mọ ilé bàbá ẹ̀?"

Ní àárín gbùngbùn ilé-iṣẹ́ náà ni àtẹ irin ńlá kan wà tí wọ́n fi bóòtù mẹ́rin dè mọ́lẹ̀. Orí rẹ̀ ni àwọn wẹ́dà ti ń to egungun bọ́ọ̀sì kí wọ́n tó jó o pọ̀, kí gbogbo wọn lè rí bákan náà. Ìyá là ń pè é, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo bọ́ọ̀sì ti ń jáde. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Ìyá dé, ó já lulẹ̀, etí rẹ̀ kan sì tẹ̀. Láti ìgbà náà, egungun kẹta lápá òsì gbogbo bọ́ọ̀sì wa máa ń ní ibi kékeré kan tó tẹ̀ wọlé, tí orí ìka lè jókòó sí. Èrò kò lè rí i, àfi ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ìjókòó. "Ilà ìdílé ni," Bàbá máa ń wí. "Bí ọmọ wa bá sọnù, òun la ó fi dá a mọ̀."

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, tirélà kan wá gbé Ìyá lọ. Mánijà wa, ọkùnrin kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, dúró tì mí, ó ní kí n kọ ọ́ pé ó jáde fún àtúnṣe. Mo kọ ọ́. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, n kò sì mọ̀ bóyá irọ́ ni. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọ̀rọ̀ ti gba ọjà Inísà kan pé ilé-iṣẹ́ ti rí ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn, pé ó ń kó lọ. Ìròyìn náà dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n sì ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá bi mánijà léèrè lójú gbogbo òṣìṣẹ́.

O mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Bí àlejò bá ń bọ̀, a ó gbálẹ̀, a ó kó àkísà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ebi inú ilé kì í ṣe ohun tí à ń tẹ́ síwájú ẹni tó ti òde wá. Ohun tí a ṣe náà nìyẹn. Lọ́jọ́ Ajé, Bàbá pe àwọn wẹ́dà jọ sínú ọgbà tó ṣófo, níbi tí bọ́ọ̀sì méjì tí a kò tíì parí dúró sí. "Bí àwọn Ọnọ́rébù bá bá ibi yìí báyìí, kí ni wọ́n á ní àwọn ń gbèjà? Òkú?" Wọ́n gbéra lọ sí gáréèjì Ìkìrun, èmi náà sì bá wọn lọ. Wọ́n bẹ àwọn awakọ̀ tó ń gun bọ́ọ̀sì wa pé kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n wá gbé e sí ọgbà wa láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Awakọ̀ kan ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ gba ọmọ yín padà ni?"

"Rárá o," ni Bàbá dáhùn. "Kó kàn wá kí ìyá ẹ̀ ni."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì tètè kú, torí a mọ̀ pé ìyá náà kò sí nílé.

Nígbà tí a ń padà, mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. "Bàbá, tí wọ́n bá rí bọ́ọ̀sì tó pọ̀ báyìí, ṣé wọn ò ní rò pé kò sí nǹkan tó ń ṣe wá?"

Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Akọ̀wé, ẹni tó wọṣọ tó mọ́ ni wọ́n ń fún ní àga." Mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án wọlé. Mo ṣí ojú ewé tuntun, mo kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, nítorí pé ohun tó bá ti gba ẹnu géètì kọjá gbọ́dọ̀ wọ ìwé. Ojú ewé tó ṣáájú rẹ̀ gan-an ni Ìyá wà.

Orí ibi tí Ìyá ti kúrò ni wọ́n tẹ́ tábìlì àwọn aṣòfin sí, aṣọ funfun sì bo ihò bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò ni alága wọn. "Mánijà, ọ̀rọ̀ kan ni mo bá wá. Ṣé ẹ ń kó lọ ni, àbí ẹ ò kó lọ?"

Mánijà kò yára. Ó na ọwọ́ síta. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọgbà. Ṣé bí ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kó lọ ṣe ń rí nìyí?"

Gbogbo orí yí síta. Oòrùn ń kọ mànà lára bọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án náà. Mo wo Bàbá. Ọwọ́ wọn tó ń nu orúnkún dúró gbagidi.

Aṣòfin kejì béèrè nípa irin ńlá tí wọ́n ní tirélà gbé lọ. "Ó ní ibi tó tẹ̀, sà," ni mánijà wí. "A gbé e lọ tọ́ ni. Yóò padà."

Wọ́n ní kí n mú ìwé wá. Mo fi ìka há ojú ewé tí Ìyá wà, mo ṣí i síwájú alága.

"Ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni, mà."

"O mọ̀ pé àtúnṣe ló lọ?"

"Ohun tí wọ́n ní kí n kọ nìyẹn, mà. N kò rí ibi tó lọ."

"Ó ti padà?"

"Kò tíì padà, mà."

Ó tún wo ìta, ó wá kọjú sí Bàbá. "Bàbá, iṣẹ́ ọwọ́ yín ni àwọn bọ́ọ̀sì yẹn?"

Bàbá dìde. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ìwé tó wà lórí tábìlì. "Iṣẹ́ ọwọ́ wa ni, mà."

Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ìka mi ṣì wà lábẹ́ ewé náà. Bí mo bá yí i, alága yóò rí i pé àárọ̀ yẹn gan-an ni bọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án wọlé láti ìta. Ọ̀rọ̀ mánijà yóò wó, ṣùgbọ́n ojú yóò ti Bàbá níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn. Mo dúró kó bi mí. Kò bi mí. Ó pa ìwé náà dé fúnra rẹ̀, ó kí mánijà kú iṣẹ́, ó ní kó kọ̀wé sí àwọn nígbà tí irin náà bá padà. Kí aago kan tó lù, wọ́n ti lọ, àwọn awakọ̀ sì ti wá gbé bọ́ọ̀sì wọn.

Irin náà kò padà níṣojú mi. Kí ọdún tó yí, wọ́n ní kí gbogbo wa lọ sinmi nílé ná. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ojú ewé kan ì bá dá ilé-iṣẹ́ náà dúró. Ẹni tó fẹ́ lọ lè rí ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé dídáhùn kìkì ohun tí wọ́n bá bi èèyàn kì í ṣe òtítọ́ tán. Ìdáhùn mi pé. Ẹ̀rí mi kò pé.

Bàbá tún ṣọ́ọ̀bù ọ̀nà Ìbà ṣí, wọ́n ń ṣe géètì àti wíńdò. Mo máa ń yà kí wọn, a kì í sì í dárúkọ ọjọ́ náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ìgbà òjò tó kọjá, bọ́ọ̀sì tuntun kan tí orúkọ ilé-iṣẹ́ wa wà níwájú rẹ̀ dúró síbẹ̀; ilẹ̀kùn rẹ̀ ló yọ. Bàbá jó ilẹ̀kùn náà tán, wọ́n wọnú bọ́ọ̀sì lọ, wọ́n sì ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ìjókòó lápá òsì. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

"Akọ̀wé, wá."

Mo bi awakọ̀ léèrè ibi tí wọ́n ti rà á. Ó ní òun kò mọ̀, ọ̀gá òun ló gbé e fún òun, kò tíì pé oṣù kan tí ó jáde. Nítorí náà n kò lè sọ ìlú tí Ìyá wà fún ọ lónìí. Ṣùgbọ́n mo ki ọwọ́ tèmi bọ ẹ̀yìn ìjókòó. Mo ka egungun irin náà láti iwájú: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ibi tó tẹ̀ náà wà níbẹ̀, wọn kò tọ́ ọ, orí ìka mi sì jókòó sínú rẹ̀.