Ọjọ́ Tí Mo Tú Ilé Bàbá Mi

Òórùn edé tí a sá sórí ẹní àti òórùn bẹntiróòlù ni mo fi ń rántí Abereke, ìlú wa tó wà létí òkun. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òkun ti ya wèrè. Láàárọ̀ lálẹ́ ló ń forí sọ òpó ilé wa, ó sì ti gbé ilé mẹ́ta tó wà níwájú tiwa lọ.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà tí bàbá mi kú. Kó tó kú, ó pe ìdílé jọ, ó ní èmi ni kí n máa tọ́jú ohun tí òun fi sílẹ̀ fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin: ilé pákó tí à ń gbé, ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀, pẹ̀lú owó díẹ̀. Ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bí wa. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó bínú jáde. Ta ni kò ní bínú? Akọ́bí ni, wọ́n wá fi àbúrò obìnrin ṣe olórí fún un.

Àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ń yan ẹja tà ní Ode Mahin, ló tọ́ mi sọ́nà. Ó ní, “Ohun tí o kò mọ̀ ọ́n ṣe, má fi ogún kọ́ ọ.” Ni mo bá kó owó náà sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Mo fi ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì háyà fún apẹja kan tí kì í mutí, a kọ ìwé, ẹlẹ́rìí méjì sì fọwọ́ sí i. Ó wá ku ilé. Ní etí òkun tiwa, ọlọ́gbọ́n kì í dúró de omi. Á tú ilé rẹ̀ ní pákó kọ̀ọ̀kan, á lọ tò ó síbi tí ilẹ̀ ti le. Àṣìṣe mi ni pé mi ò sọ ọ̀kankan fún ẹ̀gbọ́n mi. Òwò epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń gbé gba ojú òkun lábẹ́lẹ̀ ló fẹ́ fi ọkọ̀ àti owó náà ṣe, mo sì ti rí ọkọ̀ epo tó jóná tòun tèèyàn inú rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo pe ẹ̀rù náà ní ọgbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi bá ọlọ́kọ̀ mìíràn lọ sójú omi ní ìdájí ọjọ́ kan, mo gun òrùlé. Ìṣó ń ké, páànù ń ya, ọwọ́ mi ń ṣẹ̀jẹ̀, mi ò dúró. Nígbà tó fi máa dé lọ́sàn-án, òrùlé ti lọ, mo wà ní yàrá bàbá, mò ń fi òòlù yọ ìṣó.

“Ogójì ọjọ́ bàbá ò tíì pé! O gbé ẹ́ńjìnnì fún ará ìta, o tún ń tú ilé lé mi lórí?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, omi ń bọ̀.”

“Ìwọ lo máa bómi lọ!”

Ó yọ àdá. Àdá náà ya èjìká mi, ó sì há sínú òpó tó wà lẹ́yìn mi. Bó ṣe ń fà á, mo fi òòlù lu ọwọ́ rẹ̀. Ó ké, ó fi àdá sílẹ̀, ó di òpó mú kó má baà ṣubú. Mo tún lu ọwọ́ náà. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni mi ò tíì lè dárí rẹ̀ ji ara mi.

Inú ọkọ̀ kan náà ni àwọn aládùúgbò gbé wa sí lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ tèmi àti tirẹ̀ ń ṣàn pọ̀ nísàlẹ̀ ọkọ̀. Kí oṣù tó yí, òkun gbé ibi tí ilé wa wà lọ.

Àwọn èèyàn ní mo gbọ́n. Òótọ́ ni, nǹkan kan ò sọnù. Wọ́n bá mi tú ìyókù ilé náà, wọ́n sì tún un tò sí Ode Mahin níbi tí ilẹ̀ ti le, ayálégbé wà níbẹ̀, owó alájẹṣẹ́kù ń pọ̀ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé yàrá iwájú. Ìka mẹ́ta ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò ká mọ́. Kò lè fa àwọ̀n, kò lè tún un ṣe. Kò bú mi rí. Láràárọ̀ á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, màá bá a de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, á wo ibòmíràn títí màá fi ṣe tán.

Àwọn ọ̀dọ́ tí òbí wọn kú máa ń wá bi mí bí ogún ṣe máa wà láìbàjẹ́. Màá sọ ti alájẹṣẹ́kù, màá sọ ti ìwé àti ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn náà ni màá bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni bàbá wọn bí. Nígbà tí mò ń ka ohun tí bàbá tèmi fi sílẹ̀, mo ka ilé, mo ka ọkọ̀, mo ka owó. Mi ò ka ẹ̀gbọ́n mi.