Bọ́ọ̀sì Ọ̀nà Ìyìn àti Bọ́sẹ̀dé Tó Ń Bọ́ Sílẹ̀ Kẹ́yìn

Láti ìgbà tí a ti sin Bọ́sẹ̀dé ní Ìgèdè, n kò tíì jókòó sójú kan. Bí mo bá jókòó ní pálọ̀, mo á dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Bí mo bá dé ẹ̀yìnkùlé, n kò ní mọ ohun tí mo wá ṣe níbẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ló ní, "Bàbá, ẹ kúkú kọ ọ́ sílẹ̀." Mo ní ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ó ní ìwé mẹ́fà ayé ìgbà yẹn tó. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé báàgì yín wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní sáà yìí, ẹ̀yin ni mò ń kọ ọ́ fún. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá ń sáré.

Ọdún tó ṣáájú èyí tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba sílẹ̀ fún àwọn olóṣèlú ni. Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Àkúrẹ́ ni olú-ìlú wa, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀gá ti ń lọ gba àṣẹ. Láàárín ọdún yẹn náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fẹ̀hónú hàn káàkiri nítorí owó oúnjẹ, ìbọn sì ti ba àwọn kan nínú wọn. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan bá dúró pọ̀ lábẹ́ igi, àwọn ọ̀gá á ti máa yọjú lójú fèrèsé.

Awakọ̀ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Adó. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun káàbọ̀, èmi náà wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, mo fara ti ilẹ̀kùn. Rẹ́jísírà wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runtọ́ba, bọ́ síwájú, ó sọ gbogbo ohun tí ilé-ìwé ti pèsè fún wọn. Yàrá wà fún àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Nọ́ọ̀sì wà ní ilé ìtọ́jú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá dẹ̀ lè máa bá wọn to ìwé ní láíbìrì lọ́sàn-án, kí wọ́n máa fún un ní nǹkan díẹ̀. Àwọn tó sì ń ti ilé wá láti Ìyìn àti Ìgèdè, bọ́ọ̀sì yóò máa gbé wọn wá láàárọ̀, yóò sì máa gbé wọn lọ sílé nírọ̀lẹ́. Ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Awakọ̀ yín nìyẹn, Sámúẹ́lì." Gbogbo wọn yíjú wò mí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò tíì pàtẹ́wọ́ fún mi rí.

Bọ́sẹ̀dé wà nínú wọn. Ọmọ Ìgèdè ni, rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láti kékeré, ọ̀pá ló fi ń rìn. Orí òkè ni wọ́n kọ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin sí, àtẹ̀gùn ibẹ̀ kò ṣeé gùn fún un. Nítorí bọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀ ṣe gbà kó wá. Ó gba iṣẹ́ láíbìrì, ó sì gba ìjókòó tó wà lẹ́yìn mi gan-an. Bó bá wọlé, mo máa ń dúró títí yóò fi jókòó dáadáa kí n tó gbéra. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa yọ ọ́ lẹ́nu pé òun ni ọ̀gá mi, pé bí kò bá tíì jókòó, bọ́ọ̀sì ò gbọdọ̀ mí.

Sáà ò tíì jìnnà tí rẹ́jísírà fi pè mí. Ó ní ọkọ̀ àwọn ọ̀gá ti bàjẹ́, pé láti ọjọ́ náà lọ, bọ́ọ̀sì di ti ìrìn-àjò Àkúrẹ́. Mo béèrè pé àwọn ọmọ Ìyìn àti Ìgèdè ńkọ́.

"Wọ́n ní ẹsẹ̀, àbí?"

"Kì í ṣe gbogbo wọn, sà."

Ó ní kí n pa ilẹ̀kùn dé bí mo bá ń jáde.

Àwọn tó le bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn, àwọn mìíràn ń so mọ́ lọ́rí agbégi. Bọ́sẹ̀dé kò lè gun lọ́rí, takisí kì í sì í dúró de onírìn pẹ̀lẹ́. Ìgbà tó bá fi máa dé kíláàsì, wọ́n á ti máa tú ká. Láíbìrì ní àwọn á wá ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ kan ìyá rẹ̀ wá bá mi ní Ọjà Ọba níbi tí mo ti ń ra iṣu. Ó ní, "Sámù, ó ti tó. Màá mú un padà wá ulé, kó lọ kọ́ aṣọ rírán." Kò bínú, kò sọkún. Bó ṣe sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n lè jẹ iṣu ọ̀hún.

Táyé, ọmọ Ìyìn, ni olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa, ó ní kí a ran àwọn lọ́wọ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, Àbẹ́gúndé, tó ń tún iná ṣe, kò fẹ́. Ó ní àwọn ọmọ wọ̀nyí á gba ìwé ẹ̀rí wọn lọ, àwa la máa kù sábẹ́ rẹ́jísírà.

Ó wo Táyé látòkè délẹ̀. "Ẹ̀yin ṣáà mọ̀wé. Ẹ fi ìwé jà."

Táyé ní, "Ìwé ọ̀hún gan-an la ò ráyè kà, ẹ̀gbọ́n. Ẹsẹ̀ là ń fọwọ́ pa."

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín, Àbẹ́gúndé náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìpàdé tú ká láìsí ìpinnu kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí rẹ́jísírà fẹ́ lọ Àkúrẹ́, mo dé ibi tí mo gbé bọ́ọ̀sì sí, mo bá a tó ti kún. Gbogbo àwọn ọmọ ọ̀nà Ìyìn jókòó síbẹ̀, ìwé lórí itan, wọn kò pariwo, wọn kò kọrin. Bọ́sẹ̀dé wà lẹ́yìn ìjókòó mi. N kò mọ ìgbà tó kúrò ní Ìgèdè kó tó lè débẹ̀. Rẹ́jísírà jáde pẹ̀lú àpò rẹ̀, ó ní kí wọ́n bọ́ sílẹ̀. Táyé ní àwọn ń dúró de bọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣèlérí. Rẹ́jísírà lérí léka, wọn kò dìde. Níkẹyìn ó yíjú sí mi.

"Sámúẹ́lì, ti ilẹ̀kùn yẹn. Kó gbogbo wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá."

Mo gòkè, mo ti ilẹ̀kùn, mo gbéra. Ilé iṣẹ́ yẹn la ti ń jẹun. Ọmọ mẹ́rin wà nílé, ìyàwó mi, Ẹ̀san, sì lóyún. Bọ́sẹ̀dé tẹ̀ síwájú, ó rọra ní, "Bọ̀dá Sámù, bí ẹ bá já wa sílẹ̀ níbẹ̀, ta ló máa wá gbé wa padà?" Kì í ṣe pé ó ń bẹ̀ mí. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

A dé oríta. Ọwọ́ ọ̀tún ló lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo yà sí òsì, mo gba Basírì, mo kọjú sí ọ̀nà Ìyìn.

Nígbà tí wọ́n rí ibi tí a ń lọ, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹnì kan ń sọkún, Táyé ní kí wọ́n dákẹ́ kí wọ́n má dà mí láàmú. Mo dúró ní gbogbo ibi tí mo máa ń dúró. Dúpẹ́ bọ́ sílẹ̀ ní Basírì. Ìdòwú àti àbúrò rẹ̀, Àlàbá, bọ́ sílẹ̀ ní àbáwọlé Ìyìn. Kíkẹ́ onígíláàsì bọ́ sílẹ̀, ó gbàgbé ìwé rẹ̀, mo pè é padà. Táyé bọ́ sílẹ̀ níwájú ilé bàbá rẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ìgèdè ló kẹ́yìn. Bọ́sẹ̀dé bọ́ sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Kátólíìkì bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Ó dàárọ̀ o, Bọ̀dá Sámù." Àárọ̀ ṣì ni.

Mo gbé òfìfo bọ́ọ̀sì padà. Rẹ́jísírà wà níbi tí mo fi í sí.

"Ibo lo kó wọn lọ?"

"Ilé wọn, sà."

"Ta ló ní kí o kó wọn lọ sílé?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Lọ́jọ́ tí ẹ kí wọn káàbọ̀."

Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí èmi náà máa lọ sílé mi.

Àbẹ́gúndé tó ní ìjà náà kì í ṣe tiwa, òun ló kọ́kọ́ gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìyá Rúùtù, alásè wa, pa iná ní ilé ìdáná. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní kíláàsì. Àwọn òbí wá láti Ìyìn àti Ìgèdè, wọ́n jókòó síwájú ọ́fíìsì rẹ́jísírà, Ìyá Bọ́sẹ̀dé ló ṣáájú wọn. Èdè Èkìtì wa ló ń sọ, nínú rẹ̀ a kì í fi "ẹ" pe ẹnì kan ṣoṣo, bó ti wù kó tóbi tó. Ó ní, "Ìwọ lo ní kí n mú ọmọ wá. Ọmọ nìyí. Ọkọ̀ dà?"

Ìgbìmọ̀ ilé-ìwé dá sí i. Bọ́ọ̀sì padà sẹ́nu iṣẹ́, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Wọ́n gbà mí padà, ṣùgbọ́n ilé jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n gbé mi lọ. N kò wa bọ́ọ̀sì náà mọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Jósẹ́ẹ̀fù tó rọ́pò mi, ohun kan ṣoṣo ni mo kọ́ ọ: kó má ṣe gbéra títí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò fi jókòó. Táyé ni wọ́n lé. Ó lọ sí Èkó, ẹnì kan ní ó kú síbẹ̀, ẹlòmíràn ní irọ́ ni. Mo ṣì ń béèrè lọ́wọ́ ará Ìyìn èyíkéyìí tí mo bá rí. Bọ́sẹ̀dé parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó di olùkọ́, ó kọ́ ọmọ títí irun rẹ̀ fi funfun. Gbogbo Kérésìmesì ló ń wá kí mi, títí di èyí tó kọjá.

Ẹ ó ní a ṣẹ́gun. Bóyá. Bọ́ọ̀sì yẹn bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n wọ́ ọ sẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀ mi, koríko hù wọ inú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ra òmíràn. Àwa tó jà fún un ti ń dàgbà, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rò pé kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè jókòó. Wọ́n ṣì ń kí yín káàbọ̀ ní gbọ̀ngàn, wọ́n ṣì ń sọ ohun tí wọ́n pèsè. Ẹ fetí sí i dáadáa. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ kò rí i, ẹ béèrè, kí ẹ sì wo ẹni tí kò lè rìn débẹ̀ láti béèrè.

Lọ́jọ́ ìsìnkú Bọ́sẹ̀dé, iwájú áńbúláǹsì tó gbé pósí rẹ̀ ni wọ́n fi mí sí láti Adó. Nígbà tí a dé Ìgèdè, mo sọ fún awakọ̀ pé kó rọra dúró díẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Kátólíìkì. Ó ní, "Bàbá, ta ni a fẹ́ gbé níbẹ̀?" Mo ní kò sí, ibẹ̀ ló ti máa ń bọ́ sílẹ̀ ni. Ó fẹsẹ̀ lé búréèkì.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan dúró sẹ́bàá ọ̀nà nínú oòrùn pẹ̀lú báàgì wọn, torí sáà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ọmọbìnrin kan nínú wọn rí i pé ọkọ̀ ń dúró, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì ń sáré bọ̀ kó tó rí ohun tí a gbé.