Èpìyà Tàbí Wẹ̀sáfù

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú bàbá mi, Kàsímù Odùkọ̀yà ará Ajah, ẹ pe ẹja èpìyà ní wẹ̀sáfù, bí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ṣe ń pè é. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Dúró, apẹja ará Ẹ̀pẹ́ tó ń gbé ní Badore, ló dán an wò lọ́dún 1973. Láti ọjọ́ náà wọn ò kí ara wọn mọ́. Àgbà méjì, nítorí ẹja!

Dókítà Wẹ́nà ló fà á, òyìnbó Jámánì arúgbó tó ń kọ ìwé nípa ẹja inú ọ̀sà wa. Bàbá mi ló ń wa ọkọ̀ fún un. Wẹ́nà ní orúkọ kan péré lòun máa kọ fún ẹja kọ̀ọ̀kan, bàbá mi sì ń fẹ́ kí orúkọ Ajah wọ ìwé bí ẹni ń fẹ́ ìyàwó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lórí ọ̀sà, ó tún pariwo: "Dókítà, ẹ pa orúkọ ti Ẹ̀pẹ́ rẹ́ jàre!"

Wẹ́nà gbé pẹ́ńsù rẹ̀ sílẹ̀. "Kàsímù, nígbà ogun Hítílà, èmi náà pa orúkọ rẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan, ará Ìlú Ọba, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa ẹja kan. Àwa onímọ̀ Jámánì ní tiwa nìkan ni sáyẹ́ǹsì. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Inú mi dùn sí i. Mo pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, mo kọ tèmi."

Bàbá mi wò ó. "Ẹja náà ńkọ́, sà? Ṣé ó mọ̀ pé Jámánì lòun?"

Wẹ́nà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ní, "Ọ̀rẹ́ mi kú kí n tó bẹ̀ ẹ́. Dúró tìrẹ ṣì wà láyé."

Ojú ti bàbá mi gan-an. Ó yí ọkọ̀ padà, ó di Badore. Nígbà tí òun àti Wẹ́nà dé ẹnu ọ̀nà Dúró, ó ní, "Dúró, kí lẹ̀ ń pe èpìyà ní Ẹ̀pẹ́ ná?"

"Wẹ̀sáfù."

"Dókítà, ẹ kọ ọ́."

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìwé dé. Èmi ni mo kà á fún àwọn méjèèjì. Orúkọ ará Ìlú Ọba yẹn wà níwájú ìwé, Wẹ́nà sì kọ ọ́ pé òun lòun jí ẹja rẹ̀. Ó ti pa òfin orúkọ kan péré tì: nínú ìwé, èpìyà àti wẹ̀sáfù wà pọ̀ lórí ìlà kan. Inú mi dùn débi pé mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Dúró fajú ro. "Kí ló dé tí tiyín fi ṣáájú?"

"ABD ló tò ó bẹ́ẹ̀ o!" ni bàbá mi dáhùn, ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B.

Wọ́n jiyàn ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n sì jókòó sí.